Prínsípà Tó Jókòó Sẹ́yìn Kíláàsì: Ohun Tí Ariwo Èsì WAEC Gbàgbé

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ pé ẹ ò tíì gbàgbé ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni àjọ WAEC gbé èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá jáde, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, gbogbo orí ayélujára ti gbóná. Wọ́n ní nínú gbogbo ọmọ tó ṣe ìdánwò náà, ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló gba kírẹ́díìtì nínú iṣẹ́ márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, ìdá 72.12 ni. Báwo ni nǹkan ṣe lè já wálẹ̀ báyẹn láàárín ọdún kan?

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí WAEC fi jáde wá sọ pé àṣìṣe ti wọ̀ ọ́. Ìbéèrè tí wọ́n pín fún àwọn ọmọ yàtọ̀ síra, kí ẹnì kan má baà jí ti ẹnìkejì wò, ṣùgbọ́n kóòdù tí wọ́n fi ṣe èsì ọbújẹ́kítìfù Gẹ̀ẹ́sì kò bá ìwé tí àwọn ọmọ gbà mu. Wọ́n tún un ṣe, ìdá 38.32 bá di 62.96. Àwọn òbí mí kanlẹ̀. Àwọn tó ti ń bú àwọn ọmọ pé TikTok ló ba ayé wọn jẹ́ rọra pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àbí ó bùṣe lóòótọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì. Ká tiẹ̀ gba ìdá 62.96 bẹ́ẹ̀, ọmọ tó lé ní 700,000 ni kò rí kírẹ́díìtì márùn-ún yẹn mú. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe kóòdù o. Ọmọ tó ti lo ọdún méjìlá nílé ìwé ni. Gbogbo ariwo tí a sì pa, orí WAEC ló dá lé, bẹ́ẹ̀ WAEC kì í kọ́ ọmọ. Òṣùwọ̀n lásán ni WAEC, òṣùwọ̀n kì í mú iṣu ta.

Inú kíláàsì ni iṣu ti ń ta. Ẹni tí gbogbo kíláàsì ilé ìwé kan sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tí a kì í bi ní ìbéèrè rárá, ni ọ̀gá ilé ìwé, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní prínsípà. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Prínsípà méjì tí mo mọ̀

Ilé ìwé ìjọba ni mo lọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ti ṣẹlẹ̀ nílé ìwé tiyín náà. Prínsípà méjì ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Èyí àkọ́kọ́, Bàbá Géètì la máa ń pè é lẹ́yìn. Aago méje ààbọ̀ kò gbọ́dọ̀ lù bá ẹ níta. Pàṣán rẹ̀ kì í sinmi. Ọgbà ilé ìwé wa máa ń mọ́ bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí, wọ́n kun ògiri dáadáa, kò sí ọmọ tó jẹ́ tú bọ́tìnnì sílẹ̀. Bí àwọn aláṣẹ bá wá ṣàbẹ̀wò, wọ́n á yìn ín títí. Ṣùgbọ́n tíṣà físíìsì wa, odindi sáà ẹ̀kọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ló wọ kíláàsì wa. Kápútẹ́ẹ̀nì kíláàsì ló máa ń kọ nóòtù sójú pátákó, àwa náà á dà á kọ. Bàbá Géètì kò mọ̀. Kò lè mọ̀, torí mi ò rí i kó fẹsẹ̀ tẹ inú kíláàsì rí àfi tó bá wá na ẹni tó ń pariwo.

Nígbà tí a wọ SS2, wọ́n gbé e lọ, wọ́n gbé ìyá kan wá. Ọ̀sẹ̀ kejì tó dé, ó wọlé sí kíláàsì ìṣirò wa, ó kí tíṣà, ó fa àga kan, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwa tá a máa ń sùn. Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà wá. A rò pé ó wá lé tíṣà ni. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó fa ìwé tèmi mọ́ra, ó rọra bi mí pé, "Kí lẹ ń kọ́ yìí?" Mo ní, "Kọ̀díràtíìkì ni, mà." Ó ní, "Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí agogo lù, ó bá tiẹ̀ lọ.

Mi ò mọ ohun tó bá tíṣà yẹn sọ nínú ọ́fíìsì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìṣirò tí tíṣà náà máa ń dá yanjú lójú pátákó, àwa tó wà lẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè jáde láti wá yanjú rẹ̀. Ibẹ̀ ni oorun ti dá lójú mi.

Lẹ́yìn náà ló fún kápútẹ́ẹ̀nì kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan. Ohun tí wọ́n máa kọ síbẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: iṣẹ́ wo ló kàn, ṣé tíṣà wọlé, aago mélòó ló wọlé, kí ló kọ́ wa. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á kó ìwé náà lọ sórí tábìlì rẹ̀. Kò bú tíṣà kankan níwájú wa rí. Àmọ́ láàárín oṣù kan, físíìsì di ohun tí a ń kọ́ lóòótọ́.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Inú àwọn kan nínú àwọn tíṣà kò dùn. A gbọ́ pé wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn. Bóyá ìyẹn ni o, bóyá ìgbésókè-gbésódò tí ìjọba máa ń ṣe fún òṣìṣẹ́ ni, kí a tó jókòó ìdánwò, ìyá náà ti lọ. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò béèrè ìwé kápútẹ́ẹ̀nì. Ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ṣì ń kó o lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n dáwọ́ dúró. C6 ni mo fi yọ nínú físíìsì. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń sùn lẹ́yìn kò yọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún un ṣe kó tó rí i mú, ọdún méjì ọjọ́ orí rẹ̀ sì lọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì máa ń bi ara mi pé, ká ní ìyá yẹn lo ọdún kan sí i ńkọ́?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi nìkan

Ẹ má rò pé ìtàn ìgbà èwe ni mo kàn ń sọ. Lọ́dún 2008, Viviane Robinson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ nípa ohun tí ọ̀gá ilé ìwé ń ṣe àti bí ó ṣe ń hàn nínú ìmọ̀ àwọn ọmọ. Wọ́n pín in sí ọ̀nà márùn-ún. Èyí tó ran ọmọ lọ́wọ́ jù kì í ṣe ìbáwí àti ilé ìwé tó wà létòlétò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń náwó. Èyí tó ju gbogbo wọn lọ ni kí ọ̀gá ilé ìwé bá àwọn tíṣà rẹ̀ jókòó kọ́ bí èèyàn ṣe ń kọ́ ọmọ dáadáa, kí òun náà wà níbẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́, kó má kàn rán wọn lọ sí sẹminá. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ Bàbá Géètì wà nínú márùn-ún yẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyá tó jókòó sẹ́yìn ló fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2021, Jason Grissom àti àwọn méjì mìíràn gbé ìwádìí tiwọn jáde. Wọ́n ní tí èèyàn bá mú prínsípà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ já fáfá kúrò, tó fi ẹni tó já fáfá rọ́pò rẹ̀, ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa mọ̀ sí i nínú ìṣirò lọ́dún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta. Tíṣà rere kan, kíláàsì tirẹ̀ ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Prínsípà rere kan, gbogbo ilé ìwé ni.

Ilé wa náà kò ṣàì mọ̀ ọ́n. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, bàbá Fẹlá, ló jẹ́ prínsípà Abẹ́òkúta Grammar School láti ọdún 1932 sí 1954. Òun kan náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1931. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ọ̀gá àwọn tíṣà ni, síbẹ̀ tíṣà ni òun náà ń pe ara rẹ̀. Tai Ṣólàrín ti jẹ́ prínsípà ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, kó tó lọ dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956. Kò sí ẹni tó ń rántí wọn nítorí fáìlì tí wọ́n buwọ́ lù.

Kí ló wá dé tí prínsípà wa kì í wọ kíláàsì?

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ọmọlúàbí, ká má kàn máa nà wọ́n lẹ́gba ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí a fún wọn ló ní wàhálà nínú.

Àkọ́kọ́, tíṣà tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń di prínsípà lọ́dọ̀ wa. Èèyàn lè kọ́ kẹ́mísìrì fún ogún ọdún, kó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, kó sì má mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ tíṣà mìíràn sọ́nà. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù lọ́dún 2022 ti sún ìfẹ̀yìntì tíṣà sí ẹni ọdún 65 tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn dára, torí ìrírí kò ní tètè lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kò sọ èèyàn di adarí.

Èkejì, prínsípà ilé ìwé ìjọba kì í gba tíṣà síṣẹ́, kì í sì í lé wọn. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àjọ bíi TESCOM ló ń ṣe ìyẹn. Ní Èkó, ẹkùn ètò ẹ̀kọ́ mẹ́fà ló wà, Tutor-General ló sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí tíṣà físíìsì bá lọ lónìí, lẹ́tà ni prínsípà máa kọ, yóò sì máa dúró. Tí ìpàdé bá dé láti òkè, ó gbọ́dọ̀ lọ. Fọ́ọ̀mù dé, ó gbọ́dọ̀ kún un. Òbí dé tìjàtìjà, ó gbọ́dọ̀ pẹ̀tù sí i. Kó tó ṣíjú, aago méjì ti lù.

Ẹ̀kẹta, owó. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé àti ìjọba Èkó jọ ṣe Eko Project, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, apá kan nínú owó náà lọ tààrà sí ọwọ́ àwọn ilé ìwé girama ìjọba, kí àwọn fúnra wọn pinnu ohun tó jẹ́ àìní wọn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ṣì wúlò: ẹni tó wà nínú ilé ló mọ ibi tí òrùlé ti ń jò. Tí prínsípà bá ní láti kọ lẹ́tà mẹ́ta kó tó ra ṣọ́ọ̀kì, a ò lè bi í pé kí ló ṣe nípa láàbù.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì ni ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ sọ jáde: àwa òbí àti àwa ará ìlú, ohun tí à ń yìn ni prínsípà ń ṣe. Géètì là ń yìn. Yúnífọ́ọ̀mù là ń yìn. "Ilé ìwé yẹn, ìbáwí wà níbẹ̀ o!" Ta ló ti gbọ́ kí òbí sọ pé, "Ilé ìwé yẹn, prínsípà wọn máa ń yẹ ìwé àwọn ọmọ wò"?

Ohun tó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé

Pẹ̀lú gbogbo ìdíwọ́ yìí, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn nǹkan kan wà tí kò gba àṣẹ kọmíṣánnà, tí kò gba kọ́bọ̀. Mo ti bá àwọn tíṣà àti àwọn tó ti ṣe prínsípà rí sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, mo sì fi ohun tí mo fojú ara mi rí kún un.

*Kó ṣọ́ àkókò.* Ká ní ìpéjọ òwúrọ̀ máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọ inú píríọ́dù àkọ́kọ́ lójoojúmọ́. Ìṣẹ́jú 75 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó di wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Píríọ́dù oníṣẹ̀ẹ́jú ogójì tó lé ní ogún ti wọ́ lọ nìyẹn, lórí ìkéde àti ìwàásù, nínú sáà ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Píríọ́dù àkọ́kọ́ yẹn sì ni wọ́n sábà máa ń fi ìṣirò sí, torí pé orí ọmọ ṣì tutù. Prínsípà tó bá dá ìpéjọ dúró lásìkò ti fún àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

*Kó wọ kíláàsì.* Kíláàsì méjì lóòjọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níkọ̀ọ̀kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó di ọgọ́fà ìgbà. Tí tíṣà rẹ̀ bá jẹ́ ogójì, ó ti rí olúkúlùkù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kó má yẹ nóòtù tíṣà nìkan wò, torí nóòtù tó rẹwà lè jẹ́ èyí tí wọ́n dà kọ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ìwé ọmọ ni kó yẹ̀ wò. Ọmọ ni kó bi pé, "Kí lẹ ń kọ́?" Tó bá jáde, kó pe tíṣà sí kọ̀rọ̀, kó yìn ín lórí ohun kan tó ṣe dáadáa, kó fi ohun kan hàn án tó yẹ kó tún ṣe. Ohun kan péré. Tó bá wá bú u níwájú àwọn ọmọ, ó ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

*Kó jẹ́ kí àwọn tíṣà máa wo ara wọn.* Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Nínú ilé ìwé kan náà, tíṣà ìṣirò kan lè mọ ọ̀nà tó rọrùn láti kọ́ ọmọ ní ìdá, kí ẹni tó wà ní kíláàsì kejì máa fi ọ̀nà líle pa àwọn ọmọ. WAEC fúnra wọn máa ń tẹ ìjábọ̀ àwọn olórí olùyẹ̀wòwé jáde, níbi tí wọ́n ti sọ ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣìnà nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí prínsípà tẹ ojú ewé méjì jáde, kó pe àwọn tíṣà iṣẹ́ náà jókòó fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n jọ wo ibi kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ ti ń kùnà, kí wọ́n jọ ronú bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ lọ́tùn-ún. Kí òun náà jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe tán. Ohun tí Robinson ń wí náà nìyẹn.

*Kó má kó gbogbo tíṣà tó dára sí SS3.* Bí ilé bá ń wó, ìpìlẹ̀ là ń wò. Ọmọ tó wọ JSS1 tí kò lè ka ìwé já geere, ọdún mẹ́fà ló máa fi jókòó tí yóò máa gbọ́ ariwo. Kí wọ́n dán gbogbo ọmọ tuntun wò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí prínsípà ní orúkọ àwọn tí kò lè kà lọ́wọ́, kí wọ́n fún wọn ní àkókò ìwé kíkà lọ́tọ̀. Ní Èkó, níbi tí ilé ìwé kékeré àti àgbà ti ní prínsípà tiwọn nínú ọgbà kan náà, ó di dandan kí àwọn prínsípà méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ kan náà ni wọ́n jọ ń tọ́.

*Kó ti ilẹ̀kùn mọ́ èkìsípò.* Prínsípà tó bá gba owó lọ́wọ́ òbí láti fi "ran àwọn ọmọ lọ́wọ́" lọ́jọ́ ìdánwò ti sọ fún gbogbo tíṣà rẹ̀ pé iṣẹ́ wọn kò já mọ́ nǹkan. Ta ló máa làágùn kọ́ ọmọ tó mọ̀ pé wọ́n á pe ìdáhùn fún lọ́jọ́ náà? Ọmọ pàápàá mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní ka ìwé.

Ẹ ní kí n gbọ́ tiyín náà

Mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ní, "Bọ̀dá, ọgọ́rùn-ún ọmọ ló wà nínú kíláàsì kan, tíṣà kò gbowó tó ṣe é jẹun, kí ni prínsípà fẹ́ ṣe?" Òótọ́ lẹ sọ. Prínsípà kò lè rọ tíṣà bí ẹni rọ ọkọ́. Ìjọba tó bá sọ gbogbo ẹrù yìí sórí prínsípà, tó wá ká ọwọ́ gbera, ẹ̀tàn ló ń ṣe. Ó yẹ kí wọ́n kọ́ prínsípà níṣẹ́ kó tó gbàjọba ilé ìwé. Ó yẹ kí wọ́n fún un lówó díẹ̀ tó lè ná, kó ṣe ìṣirò rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Ó yẹ kí wọ́n dín ìpàdé kù. Ní pàtàkì jù, ó yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin ó kéré tán kí wọ́n tó gbé e lọ, torí ohun rere nílé ìwé kì í hù láàárín ọdún kan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn láti òdìkejì. Níbi tí tíṣà bá ti kéré, tí ọmọ sì pọ̀, píríọ́dù kan tó ṣòfò níbẹ̀ wọ́n ju ti ibi tí gbogbo nǹkan ti pé. Ẹni tí omi rẹ̀ kò kún kèrègbè kì í gbé e sí ibi tó ti máa dànù.

Àwa ọ̀dọ́ náà ńkọ́? Púpọ̀ nínú wa ló wà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde lórí WhatsApp. Lọ́dọọdún, a máa ń dáwó. Kí là ń fi ṣe? A kun géètì. A kọ orúkọ sẹ́ẹ̀tì wa gàdàgbà sára ògiri. Mo wà nínú rẹ̀, èmi náà dáwó géètì. Lọ́tẹ̀ yìí, kí a tó dáwó, ẹ jẹ́ ká bi prínsípà ní ìbéèrè kan: lọ́sẹ̀ tó kọjá, píríọ́dù mélòó ló yẹ kí wọ́n kọ́, mélòó ni wọ́n kọ́? Tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká fún un ní gbogbo owó wa, kó fi ṣe ohun tó bá fẹ́. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìwé kápútẹ́ẹ̀nì kò wọ́n. Ìwé kan fún kíláàsì kan ti tó.

Ẹ̀bùn tí èmi máa kó lọ sí ilé ìwé mi lọ́dún yìí nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo máa fà á ní ìlà: iṣẹ́, tíṣà, aago, ohun tí wọ́n kọ́ wa. Mo sì máa padà lọ lọ́sẹ̀ kẹta, torí ọ̀sẹ̀ kẹta ló kú lọ́jọ́sí.